Táìsì Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Dókítà

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lélẹ̀, ó di ojú kan, ó sì ń fi ojú kejì wo ilẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Dókítà Tiwalọlá Láyíwọlá ń ka ìwé bọ̀ láì wo iwájú. Ó kù díẹ̀ kó tẹ ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Mà!"

Dókítà fò sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ o. Ṣé mo tẹ̀ yín lọ́wọ́?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọwọ́? Táìsì yẹn ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ ni. Ọwọ́ á jinná. Táìsì tó bá ti yẹ̀, ó ti yẹ̀ nìyẹn."

Ó dìde jókòó. Sìmẹ́ǹtì funfun ti lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ lápá kan, kò sì mọ̀. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí pákó. Ayọ̀dèjì Láníyọnu lorúkọ rẹ̀. Òun ni ilé ìwòsàn náà gbà pé kó tún ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka ìtọ́jú onítànṣán tẹ́, nítorí pé kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn ti fọ́ ti àtijọ́ túútúú.

Dókítà Tiwalọlá jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi ìtànṣán tí ojú kò lè rí lé jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró, àti ti orí òun ọrùn. Ó yẹ kó kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti tún tẹríba, ó ń fi oríkèé ìka kan táìsì kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó, ó sì ń dẹ etí sí i.

"Kí lẹ ń gbọ́?"

"Èyí tó bá kún lábẹ́, ohùn rẹ̀ á kú. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá wà lábẹ́ rẹ̀ á dún bí agolo. Irú ìyẹn ò pẹ́ fọ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Àyà èèyàn làwa ń kàn. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, ibi tó bá ń dún ló dára. Ibi tí ohùn bá ti kú là ń bẹ̀rù."

Ayọ̀dèjì ro ó wò díẹ̀. "Afẹ́fẹ́ lẹ ń wá, afẹ́fẹ́ lèmi ń sá fún."

"Sìmẹ́ǹtì wà ní irùngbọ̀n yín," ni Dókítà wí, ó sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà. Ní ọjọ́ kẹta, Ayọ̀dèjì gbé àpótí kékeré kan kalẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ìlà iná tín-ín-rín aláwọ̀ ewé sì nà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà yẹn ló fi ń mọ̀ bóyá táìsì rẹ̀ ń lọ tààrà. Bí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ ṣe ṣí lójijì, ó rí irú iná kan náà tó ń bọ̀ láti ara ògiri àti àjà.

"Háà! Ẹ̀yin náà ní tèmi!"

Dókítà ló wà nínú yàrá náà, kò sì tíì sí aláìsàn kankan níbẹ̀. Ó pè é wọlé. Ó fi hàn án bí iná ọ̀tún, ti òsì àti ti òkè ṣe ń pàdé ní ojú kan ṣoṣo lágbedeméjì òfuurufú. Ojú ibẹ̀ gan-an ni ìtànṣán ń dojú kọ, ibikíbi tí apá ẹ̀rọ náà ì báà yí sí. Wọn á fa ìlà sí ara aláìsàn, wọn á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọn á sún tábìlì náà títí ìlà ara rẹ̀ á fi bá ìlà iná mu. Nígbà náà ni jẹjẹrẹ inú lọ́hùn-ún á tó bọ́ sí ojú pàdépàdé yẹn.

"Àwọn ti ọrùn ńkọ́? Ọrùn kì í dúró jẹ́ẹ́."

Inú Dókítà dùn sí ìbéèrè yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé nǹkan kan sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó dà bí ojú èèyàn tí wọ́n fi àwọ̀n híhun ṣe. Ó ní ike ni. Bí wọ́n bá rì í sínú omi gbígbóná, á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Wọn á nà án bo ojú aláìsàn, á gba ìrísí imú àti àgbọ̀n rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á gan. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni wọn á máa fi de orí rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Ayọ̀dèjì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Bí ẹni náà bá wá rù ńkọ́?"

"Á ṣò ó lójú. A ó ṣe òmíràn."

"Ẹni tó ronú kan nǹkan yìí, ó gbọ́n o."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọjọ́ tí Dókítà kì í dúró díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Raudah, tó ń bá a darí ẹ̀rọ náà, ṣàkíyèsí. Ọmọ Ìlọrin ni Raudah, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Dókítà, táìsì wọ̀nyí ti fẹ́ wù yín ju fáìlì lọ, wàláì."

"Lọ gbé aláìsàn rẹ wọlé jàre."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ayọ̀dèjì kan gbogbo táìsì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Dókítà, ọ̀kan dún bí agolo.

"Ọ̀kan ṣófo níbí. N ó padà wá tún un ṣe."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ rántí mi."

Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni Dókítà fi tẹ táìsì náà kó tó pè é.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pàdé, níbi tí wọ́n ti ń ta zóbò tútù nítòsí Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin. Ọkọ̀ ń kùn, àwọn agbèrò ń pe Ọ̀ṣogbo àti Èkó, àwọn méjèèjì sì ń pariwo kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n bọ́ 'Mà' yìí sílẹ̀," ni Ayọ̀dèjì wí. "Ó ti wúwo lẹ́nu mi."

"Ta ló gbé e fún ẹ?"

"Ìwọ náà ti bọ́ 'ẹ̀yin' sílẹ̀ nìyẹn. O ò tiẹ̀ tọrọ àyè."

"Dókítà kì í tọrọ àyè." Ó rẹ́rìn-ín, ó fa zóbò rẹ̀ mu.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, wọ́n jókòó pẹ́ títí yìnyín inú ife fi yọ́ tán. Ayọ̀dèjì sọ fún un bí òun ṣe fi ara òun kọ́ iṣẹ́: ó ra táìsì fífọ́ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó hú u, ó tún un tẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dìde ló mẹ́nu kan bàbá rẹ̀.

"Bàámi ń wúkọ́. Oṣù karùn-ún rèé. Wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ikọ́ náà ò gbọ́."

Dókítà gbé ife kalẹ̀. "Ṣé ó ń rù?"

"Ó ń rù."

"Ṣé ó ń mu sìgá?"

"Ó ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ń wa ọkọ̀ iṣu láti Ṣakí wá sí ọjà Ìpata, sìgá ni kì í jẹ́ kó sùn lójú ọ̀nà. Ọgbọ̀n ọdún."

"Mú un wá lọ́la. Má dúró di ọ̀túnla."

Bàbá Isaiah Láníyọnu jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ó ga, ojú rẹ̀ kún fún àwàdà. Dókítà tẹ́ ọwọ́ òsì sí àyà rẹ̀, ó fi ìka ọ̀tún kàn án. Lókè lápá ọ̀tún, ohùn kú. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan.

Wọ́n ya àwòrán inú àyà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni, ó tó ẹyin adìyẹ, ó ti dé ipele kẹta nínú mẹ́rin. Kò tíì kúrò nínú àyà. Dókítà sọ ọ́ fún bàbá náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò fi bọ́tà sí i. Wọn á fún un ní oògùn láti inú iṣan, wọn á sì fún un ní ìtànṣán lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méje ó dín díẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fún mi lẹ́ẹ̀kan, kí n máa lọ?" ni Bàbá béèrè.

"Tí a bá fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹran ara tó dára á bá a lọ, Bàbá. Ẹran ara tó dára máa ń tètè tún ara rẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Jẹjẹrẹ kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín òru yẹn la fi ń rẹ́ ẹ jẹ."

"Ó dà bí ọkọ̀ tó rù jù tó ń gun òkè," ni Bàbá wí. "Díẹ̀díẹ̀ lèèyàn ń tẹ̀ ẹ́."

Dókítà wá bá Ayọ̀dèjì níta. "Láti òní lọ, dókítà bàbá rẹ ni mí. Mi ò ní lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Kò ní sí zóbò. Má pè mí lórí fóònù."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà míì á wà tí màá ní láti pinnu bóyá kí a dúró tàbí kí a máa bá a lọ. Tí ojú rẹ bá wà níwájú mi nígbà náà, ọwọ́ mi á gbọ̀n."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí bàbá rẹ á fi kúrò lórí tábìlì mi."

Ayọ̀dèjì gbà bẹ́ẹ̀. Kò pè é mọ́.

Raudah ló fa ìlà sí Bàbá Isaiah lára, méjì ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan láàárín àyà, pẹ̀lú máákà elése-àlùkò. Ó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gún un fẹ́rẹ́ lójú mẹ́ta. Bàbá rò pé oògùn ni, kò béèrè. Raudah kì í fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ìlà rẹ̀ a máa tẹ̀ sókè díẹ̀ nípẹ̀kun. Ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ìlà yìí parẹ́ o. Ẹ má fi kànìnkànìn kàn án." Àwọn tó jókòó síta fi tiwọn kún un: wọ́n ní ẹni tí ìlà rẹ̀ bá parẹ́ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á lọ tò síbi àwòrán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni wọ́n fi ń tò níbẹ̀.

Ìgbà méjìlá kọjá láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ìyá ìjọ wá sí ilé wọn ní Sábó-Òkè láti gbàdúrà. Màámi Christiana, ìyá Ayọ̀dèjì, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọjà Tuntun, ló pè wọ́n. Wọ́n kọrin, wọ́n da òróró àdúrà sí ọwọ́, wọ́n fi ra Bàbá láyà, wọ́n rà á ní ẹ̀gbẹ́, wọn ò fi ibì kankan sílẹ̀, nítorí ìfẹ́. Lẹ́yìn náà Màámi mú táwẹ́lì funfun, ó fi nù ún.

Bàbá wo táwẹ́lì, ó wo àyà ara rẹ̀.

"Christiana, ìlà mi dà?"

Gbogbo rẹ̀ ti wà lára táwẹ́lì.

Nígbà tí Ayọ̀dèjì dé, àwọn ìyá ìjọ ti lọ, ìyá rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún. "Mo ti pa ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Láti ọwọ́ mi!"

"Màámi, ẹ dákẹ́ ná."

Ó ti ya àwòrán ìlà náà sínú fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, torí pé ó wù ú. Ó wọn bó ṣe jìnnà sí ìdodo àti sí orí ọmú. Ó tẹ́ bàbá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́. Ó gbé àpótí iná rẹ̀ ka orí àga, ó tẹ bọ́tìnnì, ìlà aláwọ̀ ewé nà kọjá lórí àyà bàbá rẹ̀. Ó tọ̀ ọ́ pẹ̀lú máákà. Nígbà tó parí, ó di ojú kan, ó wò ó. Ó gún ju ti ilé ìwòsàn lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá sùn sórí tábìlì, ó gbé apá méjèèjì sókè orí, ó di ọ̀pá mú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Raudah pa iná yàrá. Ó sún tábìlì títí ìlà iná fi bọ́ sórí ìlà máákà.

"Ó ti bá a mu," ni Raudah wí. "Ẹ jẹ́ ká jáde."

Dókítà Tiwalọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jáde. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ Bàbá.

"Raudah, ìwọ lo fa ìlà yìí?"

"Èmi ni ná."

"Ìlà tìrẹ máa ń tẹ̀ sókè nípẹ̀kun. Èyí ò tẹ̀."

Ó mọ ẹnì kan ṣoṣo tó lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ó ti rí i tó dojú bolẹ̀, tó di ojú kan. Ó tan iná, ó fi òwú tútù nu ẹ̀gbẹ́ Bàbá, ó ń wá nǹkan kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó rí i: àmì dúdú kékeré tí Raudah gún sí abẹ́ awọ lọ́jọ́ kìíní. Ìlà tuntun náà fi ìbú ìka kan àbọ̀ jìnnà sí i. Ìbú ìka kan àbọ̀ á fi apá kan jẹjẹrẹ sílẹ̀, á sì sún ìtànṣán mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn.

"Bàbá, ta ló fa ìlà yìí?"

"Èmi ni," ni Bàbá dáhùn láì wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ara yín, lọ́tùn-ún, lósì, tó gún báyìí?"

Bàbá di ojú méjèèjì.

"Wàláì, Bàbá, ẹ máa kọ́ mi," ni Raudah wí, ó sì ti ń ṣí máákà rẹ̀.

Wọ́n fi àmì mẹ́ta náà tún ìlà fà. Kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá gba ìtànṣán ọjọ́ náà ní ojú tó yẹ. Dókítà wá jáde lọ bá Ayọ̀dèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Ìwọ ni."

"Èmi ni."

"O ní nọ́ńbà mi."

"O ní kí n má pè ọ́."

"Mo ní kí o má pè mí nítorí ara wa. Ṣé mo ní kí o má pè mí nítorí bàbá rẹ?"

"Tiwalọlá, ìlà mi gún. Mo wọ̀n ọ́n."

"Ìlà rẹ gún. Bàbá rẹ ni kì í ṣe ilẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ká ní mi ò mọ ọwọ́ rẹ ni, à bá ti tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tó lè ṣe irú èyí láì béèrè, mi ò mọ bí màá ṣe bá a gbé."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Táìsì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dún bí agolo bó ṣe tẹ̀ ẹ́.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni Ayọ̀dèjì fi ń gbé bàbá rẹ̀ wá tó sì ń dúró sísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹnu géètì, kò gun òkè wá mọ́. Tí Bàbá bá béèrè, á ní òun ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Màámi Christiana kan ilẹ̀kùn Dókítà. Ó di nǹkan kan sínú ọ̀rá. Kò jókòó nígbà tí wọ́n ní kó jókòó. Ó tú ọ̀rá, ó tẹ́ táwẹ́lì funfun sórí tábìlì. Àwọ̀ elése-àlùkò ti ràn kárí àárín rẹ̀.

"Ọwọ́ mi nìyẹn, Dókítà. Ọmọ mi ń ru ẹrù ẹlẹ́rù. Òróró mi ló pa ìlà náà rẹ́, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ."

Dókítà wo táwẹ́lì náà pẹ́. "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sáré wá bá wa?"

"Wọ́n ní ẹni tí ìlà rẹ̀ bá parẹ́ á lọ tò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin kan tí a jọ máa ń jókòó níta ń dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀. A sin ín ní ọ̀sẹ̀ kejì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nípa ìlà?"

"Gbogbo ẹni tó jókòó síta."

Dókítà fi ìka kan àwọ̀ ara táwẹ́lì náà. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló ń ṣàlàyé àmì abẹ́rẹ́ mẹ́ta yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tòun ti àwòrán. Kò rántí ọjọ́ kan tó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n gún.

"Ayọ̀dèjì dà?"

"Ó wà lẹ́nu géètì. Ó ń ṣọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá tí kì í ṣe tiwa."

Wọ́n pè é wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yẹra fún táìsì tó ṣófo, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ," ni Dókítà wí. "Lórí egungun ìhà. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó yá, gbé apá yẹn sókè."

Ayọ̀dèjì gbé e sókè. Ojú rẹ̀ yí padà. Egungun dúró sí ibi tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ń yọ́ lọ sókè bí aṣọ tábìlì tí ẹnì kan ń fà.

"Ó ń rìn," ló wí.

"Ó ń rìn. Orí bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ lo ti fa ìlà, apá rẹ̀ wà nílẹ̀. Orí pákó líle la ti ń tọ́jú rẹ̀, apá rẹ̀ wà lókè."

"Mo jẹ̀bi. Mo rò pé ohun tí mo mọ̀ ti tó."

"Èmi náà jẹ̀bi. Ẹ̀rù tó bà yín, èmi ni mi ò kó o kúrò." Ó ká apá aṣọ òsì rẹ̀ sókè. Nínú ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àmì dúdú kan wà níbẹ̀, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́. "Irú rẹ̀ mẹ́ta wà lára bàbá rẹ. Mo gún èyí sí ara mi nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, kí n lè mọ bó ṣe ń dùn kí n tó gún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́jọ rèé. Kò sí òróró tó lè pa á rẹ́."

Ayọ̀dèjì na ìka, ó fi kan àmì náà fẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń kan táìsì tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Màámi Christiana ká táwẹ́lì rẹ̀. "Èmi ń lọ wo Bàbá yín," ló wí, kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

"Ìgbà méje ló kù," ni Dókítà wí, ó sì fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Títí dìgbà náà, nǹkan ṣì wà bí mo ṣe wí."

"Mo ti ń kà á."

Lọ́la rẹ̀, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ibi ìjókòó, ní Yorùbá pọ́nńbélé: Bí ìlà ara yín bá parẹ́, ẹ má tún un fà. Ẹ sọ fún wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ayọ̀dèjì ló ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà sí i.

Bàbá Isaiah gba ẹ̀ẹ̀kẹtàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀fun rẹ̀ bó nínú, ẹ̀kọ àti mílíìkì nìkan ló ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí sanra. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ya àwòrán míì. Ohun tó tó ẹyin adìyẹ ti dín kù bíi kóró àgbálùmọ̀. Kò tíì lọ tán, ó sì lè má lọ tán. Dókítà kò purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n Bàbá ń gun àtẹ̀gùn, ó sì ti padà sí Ìpata láti máa bá àwọn awakọ̀ jiyàn lórí ọ̀nà Ṣakí.

Ọjọ́ náà ni Dókítà Tiwalọlá gbé fáìlì Bàbá Isaiah lọ fún Dókítà Hassan, ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

"Kí ló dé? Fáìlì yìí ń lọ dáadáa."

"Nítorí ọmọ rẹ̀ ni."

"Ó bá ọ jà?"

"Ó fẹ́ fẹ́ mi."

"Ó ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò tíì sọ. Fáìlì yìí ló ń dúró dè."

Hassan bu ọwọ́ lu ìwé náà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un pé mo ti gbà á. Kó má dúró mọ́."

Ayọ̀dèjì kò dúró mọ́ lóòótọ́. Níbi zóbò náà ló ti sọ ọ́, agbèrò kan ń pariwo Èkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ní láti tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé etí Tiwalọlá. Tiwalọlá ní òun ti gbọ́ ti àkọ́kọ́; ó kàn wu òun pé kó tún un sọ ni.

Ó ku bàbá tirẹ̀. Bàbá Láyíwọlá ti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì sí Ọ̀mù-Àrán. Lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tutù.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń tẹ́ táìsì, Bàámi."

"Dókítà ni ọ́, Tiwalọlá."

"Mo mọ̀, Bàámi."

"Mi ò ní kí ó jẹ́ dókítà. Ṣé ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún?"

"Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Ó wá sí ilé ìwòsàn lóòótọ́. Ó kí Ayọ̀dèjì ní ṣókí, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kan ilẹ̀, kó, kó, kó. Ayọ̀dèjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Bàbá Isaiah, tó wá rí Dókítà Hassan, jókòó lórí àga gígùn tó ń wò wọ́n. Raudah yọ orí jáde. Gbogbo táìsì ń dáhùn pẹ̀lú ohùn kíkú, ohùn tó kún. Ó kọjá ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń yí, ó kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọmọ rẹ̀, ọ̀kan dún bí agolo.

Àgbàlagbà náà dúró. Ó tún un kàn.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀kan ṣófo níbí."

"Mo mọ̀, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo tẹ́ ẹ, sà."

"O mọ̀, o sì fi sílẹ̀?"

Ayọ̀dèjì wo ilẹ̀. "Sìmẹ́ǹtì ò tán, sà. Mo fi ọwọ́ ara mi fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófo ni, kí n lè rí ìdí tí n ó fi padà wá."

Bàbá Isaiah bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà sì tún di ẹ̀rín.

"Àràárọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́!" ni Tiwalọlá wí láti inú ọ́fíìsì. "Láti ìgbà yẹn wá!"

"Ṣé ó rán ọ létí mi?"

"Ojoojúmọ́, olè."

Bàbá Láyíwọlá fi ọ̀pá tọ́ka sí ilẹ̀. "Tún un ṣe. Ẹni tó ti wọlé kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu."

"Ṣé mo ti wọlé, sà?"

"Mo ní tún táìsì ṣe ná."

Ayọ̀dèjì lọ gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ó hú táìsì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbá eruku abẹ́ rẹ̀, ó po sìmẹ́ǹtì, ó tẹ́ ẹ kún dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé táìsì lé e, ó fi òlù onírọ́bà lù ú. Lẹ́yìn náà ó dojú bolẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó di ojú kan. Bàbá Láyíwọlá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ń dún, òun náà sì di ojú kan.

"Ó gún," ni àgbàlagbà náà wí. "Ọjọ́ wo ni yóò gbẹ?"

"Ọ̀la, sà."

"Ó dáa. Ọ̀túnla, kí àwọn ẹbí rẹ wá kí wa ní Ọ̀mù-Àrán."

Inú ọ́fíìsì ni Tiwalọlá wà ní gbogbo àkókò yìí, táìsì tútù náà sì ti dí i lọ́nà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Má tẹ̀ ẹ́," ni Ayọ̀dèjì wí.

Ó na ọwọ́ sí i láti òdì kejì. Tiwalọlá dì í mú, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí táìsì náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú àwọn bàbá méjèèjì. Sìmẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ Ayọ̀dèjì, ó sì ń gbẹ mọ́ ọwọ́ tirẹ̀. Kò fa ọwọ́ náà kúrò.